Ìṣàgbékalẹ̀ áàpù oúnjẹ sísè

Ìṣàgbékalẹ̀ áàpù oúnjẹ sísè ni iṣẹ́ ríronú, yíyà, kíkọ àti dídán ètò orí fóònù wò, èyí tí ó ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń se oúnjẹ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A máa ń sọ pé irú áàpù bẹ́ẹ̀ rọrùn láti lò nígbà tí ẹni tí ó wà nídìí iná bá lè rí ohun tí ó ń wá, tí ó yé e, tí ó sì lè tẹ̀ lé e kí ọbẹ̀ tó jóná. Iṣẹ́ náà pa ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ìmọ̀ èdè, ìmọ̀ oúnjẹ àti ìmọ̀ nípa ìṣesí ènìyàn pọ̀.

Oúnjẹ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, pàápàá ìkọ́kọrẹ́ àti gààrì, jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára fún iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ tí a fi ń sè wọ́n wà ní ọwọ́ àti lórí ahọ́n àwọn tí ó ń sè wọ́n. Ẹnu ni ó ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí a bá kàn tú áàpù tí a ṣe fún ilé ìdáná ilẹ̀ òkèèrè sí èdè Yorùbá, kò ní lè gba irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró, nítorí pé òṣùwọ̀n, orúkọ èròjà àti ọ̀nà ìsè yàtọ̀.

Ìtumọ̀ ìrọ̀rùn ìlò

Àjọ tí ó ń gbé òṣùwọ̀n àgbáyé kalẹ̀, ISO, ṣàlàyé ìrọ̀rùn ìlò nínú ìwé ìlànà ISO 9241-11, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1998 tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2018. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, ohun mẹ́ta ni a fi ń mọ̀ bí nǹkan bá rọrùn láti lò: kí iṣẹ́ tí aṣàmúlò fẹ́ ṣe yọrí, kí ó má gba àkókò àti agbára púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìwé ìlànà náà fi kún un pé a kò lè sọ pé nǹkan rọrùn láìsọ ẹni tí ó ń lò ó, ohun tí ó fẹ́ fi ṣe, àti ibi tí ó ti ń lò ó.

Kókó ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì fún áàpù oúnjẹ. Ẹni tí ó jókòó sórí àga tí ó ń ka ìròyìn lórí fóònù yàtọ̀ sí ẹni tí epo pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí èéfín ń wọ̀ lójú, tí ọmọ sì ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ojú fóònù kan náà lè rọrùn fún ẹni àkọ́kọ́ kí ó sì sú ẹni kejì.

Ìtàn ní ṣókí

Èrò pé kí ẹ̀rọ máa kọ́ni ní oúnjẹ sísè ti pẹ́ ju fóònù alágbèéká lọ. Ní ọdún 1969, ilé ìtajà Neiman Marcus ní Amẹ́ríkà polówó kọ̀ǹpútà ilé ìdáná kan tí ilé-iṣẹ́ Honeywell ṣe, ní iye owó 10,600 dọ́là. Aṣàmúlò ní láti kọ́ bí a ṣe ń fún un ní àṣẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bọ́tìnnì ni yóò máa tẹ̀, iná wẹ́wẹ́ tí ó ń tàn tí ó ń kú ni ẹ̀rọ náà sì fi ń fèsì. Kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni rà á. A sábà máa ń tọ́ka sí i nígbà tí a bá fẹ́ fi hàn pé ẹ̀rọ lè lágbára kí ó má sì wúlò fún ẹni tí a ní a ṣe é fún.

Lẹ́yìn tí íńtánẹ́ẹ̀tì tàn kálẹ̀, àwọn ìkànnì oúnjẹ bíi Epicurious (1995) àti Allrecipes (1997) bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìlànà oúnjẹ jọ. Ní ọdún 2008 ni Apple àti Google ṣí ọjà áàpù tiwọn. Ní Nàìjíríà, ọdún 2001 ni fóònù GSM wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, fóònù ọwọ́ yìí ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní, òun náà sì ni kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ó wọ ilé ìdáná wọn.

Àwọn aṣàmúlò àti agbègbè wọn

Iṣẹ́ ìṣàgbékalẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tí yóò lo nǹkan náà. Ìlú mẹ́ta tàbí agbègbè mẹ́ta ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lè fi hàn bí àìní wọn ṣe máa ń yàtọ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ìjẹ̀bú. Ìlú inú igbó ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn, a sì mọ̀ ọ́n mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti gẹdú. Níbẹ̀, àwọn ìyá tí ó ti ń se oúnjẹ ìbílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò nílò kí áàpù kọ́ wọn ní ìkọ́kọrẹ́. Àwọn gan-an ni olùkọ́, ohun tí wọ́n sì nílò ni ọ̀nà tí ó rọrùn láti fi ohun tí wọ́n mọ̀ pa mọ́.

Àgọ́-Ìwòyè wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ kan náà. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Olabisi Onabanjo wà, èyí tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1982 gẹ́gẹ́ bí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a sì yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2001 láti bu ọlá fún gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ìpínlẹ̀ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kúrò nílé fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó ń dáná fún ara rẹ̀ lórí sítóòfù kan nínú yàrá kan, jẹ́ aṣàmúlò tí kò mọ púpọ̀ nípa ìdáná, tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì mọ fóònù lò dáadáa.

Ogun Waterside, tí Abígí jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ni ìjọba ìbílẹ̀ etí omi ní ìpínlẹ̀ náà. Ẹja pípa àti ẹja yíyan jẹ́ iṣẹ́ pàtàkì níbẹ̀. Ìlànà tí ó bá kàn sọ pé kí a fi “ẹja” sí i kò tíì sọ nǹkan fún ará agbègbè yìí, nítorí pé ẹja tútù, ẹja yíyan àti edé kì í wọ inú ìkòkò ní àsìkò kan náà.

Kíkó ìlànà oúnjẹ jọ

Ìlànà oúnjẹ tí a gbọ́ lẹ́nu alásè sábà máa ń kún fún ọ̀rọ̀ bíi “omi díẹ̀”, “iyọ̀ tí ó bá tó” àti “títí yóò fi jinná”. Ẹni tí ó ti sè é rí mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí túmọ̀ sí. Ẹni tí kò sè é rí kò mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń kó ìlànà jọ ni láti wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń se oúnjẹ náà, kí ó wọn ohun tí ó ṣeé wọ̀n, kí ó sì béèrè ohun tí ojú ń rí, tí etí ń gbọ́ àti tí imú ń gbóòórùn ní ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ìkọ́kọrẹ́, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìfọ́kọrẹ́, jẹ́ oúnjẹ tí a fi ewùrà sè. A lè pín sísè rẹ̀ sí ìpele mẹ́rin. Èkíní, a ó bó ewùrà, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì rin ín. Èkejì, a ó gbé omi, epo pupa, ata, àlùbọ́sà, ẹja, edé àti iyọ̀ ka iná títí yóò fi hó. Ẹ̀kẹta, a ó fi ọwọ́ bu ewùrà tí a rin sínú ọbẹ̀ náà ní ṣíṣù-ṣíṣù, a ó dín iná kù, a ó sì dé e. Ẹ̀kẹrin, nígbà tí àwọn ṣíṣù náà bá ti le, a ó rọra yí i pọ̀ kí díẹ̀ nínú wọn lè yọ́ sínú ọbẹ̀, kí àwọn yòókù sì dúró ní odidi.

Ohun tí ó sábà máa ń ba ìkọ́kọrẹ́ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni kí ó tètè fi ṣíbí yí i kí ṣíṣù náà tó le. Alásè tí ó ti mọ́ lára lè gbàgbé láti sọ èyí, nítorí pé kò ronú nípa rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ìlànà tí ó péye máa ń sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe pẹ̀lú ohun tí a ó ṣe. Bákan náà, ó yẹ kí ó sọ ṣáájú ìpele kìíní pé ewùrà tútù lè yún ni lọ́wọ́. Ìkìlọ̀ tí ó bá dé lẹ́yìn tí ọwọ́ ti ń yún kò wúlò mọ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ìyá méjì bá ń se oúnjẹ kan náà ní ọ̀nà méjì, áàpù tí ó dára kì í yan ọ̀kan kí ó sì sọ pé ìyókù kì í ṣe òótọ́. Ó máa ń fi ẹ̀yà méjèèjì sí abẹ́ orúkọ oúnjẹ náà, pẹ̀lú ìlú tí a ti gbà á àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, bí onítọ̀hún bá fi ọwọ́ sí i.

Òṣùwọ̀n

Nínú ọjà Yorùbá, kóńgò ni a fi ń wọn gààrì, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Ìgò ni a fi ń wọn epo. Ewùrà àti iṣu sì jẹ́ ohun tí a ń fi ojú wọ̀n tí a sì ń ná. Áàpù tí ó bá sọ pé kí ẹni kan ra gíráàmù 500 gààrì ń béèrè ohun tí alágbàtà kì í tà. Síbẹ̀, kóńgò nìkan kò tó, nítorí pé bí nǹkan ṣe gba àyè tó ni kóńgò ń wọ̀n, kì í ṣe bí ó ṣe wúwo tó. Kóńgò gààrì kan àti kóńgò ẹ̀wà kan kò wúwo bákan náà. Ẹni tí ó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Hùsítọ̀nù kò sì rí kóńgò lò.

Ọ̀nà tí ó dára ni kí áàpù fi òṣùwọ̀n méjì pa mọ́ fún èròjà kọ̀ọ̀kan, ti ọjà àti ti kìlógíráàmù, kí aṣàmúlò sì yan èyí tí ó bá fẹ́ rí. Ó tún yẹ kí ó lè yí iye ẹni tí yóò jẹun padà, kí áàpù sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Àmọ́ gbogbo nǹkan kọ́ ni ó ń pọ̀ bí ẹnu ṣe ń pọ̀: bí a bá sọ ewùrà di ìlọ́po mẹ́ta, àkókò tí yóò lò lórí iná kì í di ìlọ́po mẹ́ta. Ìlànà gbọ́dọ̀ ya ohun tí ó ṣeé sọ di púpọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ṣeé sọ di púpọ̀.

Èdè, àmì ohùn àti wíwá nǹkan

Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ìlànà oúnjẹ. Igbá ni ohun èlò tí a fi ń bu omi, igba ni iye tí a ń kọ ní 200, ìgbá ni èso tí a fi ń se ọbẹ̀, ìgbà sì ni àkókò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè wà nínú ìlànà kan ṣoṣo, bí áàpù bá sì gbé wọn jáde láìní àmì, òǹkàwé ni yóò máa méfò.

Ìṣòro kan wà nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi lẹ́tà Yorùbá pa mọ́. Nínú ètò Unicode, é ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ náà sì ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lẹ́tà ẹ àti àmì ohùn òkè ni a ń so pọ̀ láti gbé e jáde. Ẹlòmíràn lè kọ e, kí ó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kí ó tó fi àmì ohùn sí i. Méjèèjì jọ ara wọn lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lójú ẹ̀rọ. Bí olùṣàgbékalẹ̀ kò bá kọ́kọ́ sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìlànà kan náà, ẹni tí ó bá tẹ “ìkọ́kọrẹ́” lè gbà èsì pé kò sí oúnjẹ bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń tẹ Yorùbá láìfi àmì sí i, yálà nítorí àìsí bọ́tìnnì rẹ̀ tàbí nítorí ìkánjú. Nítorí náà, àpótí ìwárí yẹ kí ó gba “ikokore” kí ó sì mú ìkọ́kọrẹ́ jáde, ṣùgbọ́n kí ojú-ìwé tí yóò ṣí máa lo àmì pípé. Báyìí, aṣàmúlò yóò máa rí àkọtọ́ tí ó tọ́ láìjẹ́ pé a fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí pé kò kọ ọ́.

Orúkọ èròjà náà yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Ohun tí ẹnì kan ń pè ní gbágùúdá ni ẹlòmíràn ń pè ní ẹ̀gẹ́ tàbí pákí. Áàpù gbọ́dọ̀ so irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, kí wíwá ọ̀kan lè mú gbogbo wọn jáde. Wíwá nípasẹ̀ èròjà tún wúlò: ẹni tí ewùrà kan ṣẹ́kù sílé rẹ̀ yẹ kí ó lè rí i pé, yàtọ̀ sí ìkọ́kọrẹ́, òun lè fi din òjòjò.

Ojú áàpù

Ìpele kan ní ojú-ìwé kan ni ó rọrùn jù fún ẹni tí ó ń dáná. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ tóbi tó èyí tí a lè kà láti ibi tí fóònù wà lórí tábìlì, láìgbé e. Ìlànà Android dá a lábàá pé kí ohun tí a ó tẹ̀ má kéré sí 48 dp, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 9. Apple ní kí ó má kéré sí 44 nínú òṣùwọ̀n tirẹ̀. Nínú ilé ìdáná, ó sàn kí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ojú fóònù kì í sábà mọ ìka tí omi tàbí epo wà lára rẹ̀ dáadáa. Ojú fóònù kò sì gbọdọ̀ ṣókùnkùn fúnra rẹ̀ nígbà tí ìlànà bá wà ní ṣíṣí.

Ìlànà WCAG ti àjọ W3C sọ pé ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 4.5 sí 1 fún lẹ́tà tí kò tóbi. Fún èdè Yorùbá, a ní láti fi ohun méjì kún un. Àyè tí ó wà láàárín ìlà méjì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, kí àmì òkè má baà gé tàbí kí ó wọ inú ìlà tí ó wà lókè rẹ̀. Bákan náà, a kò gbọdọ̀ fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ láti fi hàn pé ó ṣeé tẹ̀, nítorí pé ìlà náà ń bo àmì ìsàlẹ̀ ẹ, ọ àti ṣ mọ́lẹ̀. Àwọ̀ tàbí lẹ́tà dúdú kìrìbìtì dára jù.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó lè kà á. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu alásè, tí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ń gbé jáde ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ó sì ń pa ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú mọ́ bí a ṣe ń sọ ọ́ gan-an.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti dátà

Áàpù tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì lè dákẹ́ nígbà tí ọbẹ̀ wà lórí iná. Ọ̀rọ̀ inú ìlànà kan kì í ju kílóbáìtì díẹ̀ lọ, nígbà tí fídíò rẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ mẹ́gábáìtì. Nítorí náà, ó yẹ kí gbogbo ọ̀rọ̀ àti àwòrán kéékèèké wà nínú fóònù láti ọjọ́ tí a ti gba áàpù náà, kí fídíò sì dúró di ìgbà tí aṣàmúlò bá béèrè rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti sọ iye dátà tí yóò jẹ fún un.

Ààbò

Àṣìṣe nínú ìlànà oúnjẹ lè ṣe ìpalára fún ara. Gbágùúdá tútù ní èròjà tí ó lè di májèlé sáyánáídì nínú ara. Rírin, fífi í sílẹ̀ kí ó kan, fífún omi rẹ̀ jáde àti yíyan án nínú agbada ni ó ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú májèlé náà kúrò kí ó tó di gààrì. Gààrì Ìjẹ̀bú, tí a mọ̀ mọ́ kíkan rẹ̀, sábà máa ń lo ọjọ́ mélòó kan kí a tó yan án. Ní àwọn apá kan ní Áfíríkà, irú bíi Kóńgò àti Mòsáḿbíìkì, jíjẹ gbágùúdá kíkorò tí a kò ṣe dáadáa ni a so mọ́ àrùn konzo, tí ó ń rọ ènìyàn lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, áàpù tí ó bá gé ọjọ́ kíkan kúrò kí ìlànà lè kúrú ti yí oúnjẹ náà padà, ó sì ti fi ẹ̀mí wewu. Irú ìpele bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó ní àmì ìkìlọ̀, kí ó má sì ṣeé fò. Bákan náà ni ó yẹ kí áàpù sọ̀rọ̀ kedere bí edé tàbí ẹ̀pà bá wà nínú oúnjẹ, nítorí àwọn tí ara wọn kò gbà á.

Ààbò ìwífún náà wà níbẹ̀. Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 béèrè pé kí ẹni tí ó bá ń kó ìwífún ènìyàn jọ ní ìdí tí ó bófin mu. Áàpù oúnjẹ kò nílò láti mọ ibi tí aṣàmúlò wà tàbí nọ́ńbà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó tó kọ́ ọ ní ìkọ́kọrẹ́.

Ìdánwò

Jakob Nielsen, onímọ̀ nípa ìrọ̀rùn ìlò, gbajúmọ̀ fún àbá rẹ̀ pé dídán nǹkan wò pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún péré máa ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìṣòro rẹ̀ hàn, àti pé ìdánwò kéékèèké tí a tún ṣe lemọ́lemọ́ sàn ju ńlá kan ṣoṣo lọ. Bí àwọn aṣàmúlò bá jẹ́ oríṣiríṣi, a ní láti mú díẹ̀ nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan: akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè, ìyá ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹlẹ́ja ní Abígí.

Ìdánwò tí ó péye fún áàpù oúnjẹ kì í parí lórí ojú fóònù. A ó fún ẹni tí kò se oúnjẹ náà rí ní fóònù àti èròjà, olùṣàgbékalẹ̀ yóò dákẹ́, yóò sì máa kọ ibi tí ẹni náà ti dúró, tí ó padà sẹ́yìn tàbí tí ó béèrè ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tí ó fún wọn ní ìlànà náà yóò tọ́ oúnjẹ ọ̀hún wò. Bí ó bá sọ pé kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́ òun nìyí, ìlànà náà kò tíì pé, bí áàpù náà tilẹ̀ dán mọ́nrán.

Pípa ìlànà mọ́ fún ọjọ́ iwájú

Áàpù kì í pẹ́ láyé bí ìwé. Bí ẹni tí ó ṣe é bá dáwọ́ dúró, fóònù tuntun lè máà gbà á mọ́, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Fún ìdí èyí, ó yẹ kí ìlànà kọ̀ọ̀kan wà ní ọ̀nà tí ètò mìíràn lè kà, irú bí ètò Recipe ti schema.org, èyí tí Google, Microsoft àti Yahoo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011, kí aṣàmúlò sì lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tàbí fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ó tún yẹ kí ẹ̀dà ohùn àti ìlànà tí a gbà lọ́wọ́ alásè kọ̀ọ̀kan padà dé ọwọ́ òun àti ìdílé rẹ̀, kí ó lè wà níbẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ bí áàpù náà bá tilẹ̀ kúrò lórí fóònù.